Dáyámọ́ńdì 10 tí bàbá jù fún mi

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, láti ọjọ́ tí mo ti pàdánù pẹ̀lú 61 lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ géèmù tí mò ń sọ á mọ bí 61 ṣe ń dunni tó, torí 66 là ń wá, mo sì ti ní 61 kí n tó ju káàdì mi kejì sílẹ̀, 5 péré ló kù, n ò sì rí 5 yẹn gbà títí gbogbo ẹ̀ fi parí.

Schnapsen lorúkọ géèmù náà. Ní Austríà ni wọ́n ti ń ta á gan-an, Vienna sì ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mò ń gbé níbẹ̀, lọ́dọ̀ bàbá kan tí wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀ yàrá mi, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n á máa bá ta káàdì nírọ̀lẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ mi ni pé tí mo bá ti ṣì í, wọ́n á tẹ́ káàdì tọwọ́ wọn sórí tábìlì, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá máa wò mí títí màá fi rí ibi tí mo ti ṣì í fúnra mi. Nígbà míì ó máa ń pẹ́.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ta á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, màá sáré sọ ọ́. Ẹni méjì ni. Káàdì 20 péré ni wọ́n ń lò, wọ́n ti yọ gbogbo kéékèèké kúrò, ó ku áàsì, 10, kíǹgì, kúìnì àti jáàkì nínú àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Áàsì jẹ́ póìǹtì 11, 10 jẹ́ 10, kíǹgì 4, kúìnì 3, jáàkì 2, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ 120 ni. Wọ́n á pín márùn-ún márùn-ún, wọ́n á ṣí ọ̀kan sílẹ̀, àmì tó bá wà lára èyí tí wọ́n ṣí yẹn ló máa jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn mẹ́ta yòókù. Àwọn 9 tó kù á dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀, òkìtì nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì á ju káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tiẹ̀ bá lágbára jù á kó méjèèjì, tíríìkì kan nìyẹn, á fa káàdì kan lórí òkìtì, ẹnìkejì náà á fa ọ̀kan, ẹni tó kó o ló máa tún kọ́kọ́ jù. Tí kíǹgì àti kúìnì àmì kan náà bá wà lọ́wọ́ ẹ tó sì jẹ́ ìwọ ló kàn láti kọ́kọ́ jù, o lè fi wọ́n hàn, ìgbéyàwó ni wọ́n ń pe ìyẹn, 20 ni, tó bá jẹ́ ti ọ̀gá 40 ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 66 jọ ló jẹ.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wá dùn nìyí. Bí òkìtì bá ṣì wà ní ṣíṣí, ohun tó bá wù ẹ́ lo lè jù, kò sẹ́ni tó fipá mú ẹ láti tẹ̀ lé àmì tí ẹnìkejì jù. Àmọ́ ẹni tó kàn láti jù lè ti òkìtì pa nígbà tó bá wù ú. Tó bá ti tì í pa, fífà ti tán, dandan ni kí kálukú tẹ̀ lé àmì, tó bá sì lágbára láti gbé e, dandan ni kó gbé e. Tí ẹni tó tì í pa bá wá kùnà láti dé 66, póìǹtì géèmù 2 ni ẹnìkejì máa gbà (èyí yàtọ̀ sí póìǹtì ara káàdì), 3 ni tí ẹnìkejì ò bá tíì kó tíríìkì kankan nígbà tí wọ́n tì í. Ẹni tó jẹ náà á gba 1 tí ẹnìkejì bá ti ní 33, 2 tí kò bá tó 33, 3 tí kò bá kó tíríìkì kankan, tí wọ́n bá sì ti òkìtì pa, ohun tí ẹnìkejì ní nígbà tí wọ́n tì í ni wọ́n ń wò. Láti 7 ni wọ́n ń kà á wálẹ̀ sí òfo, ẹni tó bá pàdánù gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n á kọ Bummerl, ìyẹn àmì ìpàdánù, sí lọ́rùn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo rántí dáadáa, ẹ̀rù ló fà á. A ti ju tíríìkì méjì, èmi ni mo kó méjèèjì, 22 ti wà nílẹ̀ fún mi, ó sì kàn mí láti jù. Háàtì ni ọ̀gá. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni áàsì háàtì, kíǹgì háàtì, áàsì sípéèdì, sípéèdì 10, àti kúìnì dáyámọ́ńdì kan báyìí. Háàtì 10 ló wà ní ṣíṣí lábẹ́ òkìtì, ìyẹn ni pé háàtì méjì péré ni n ò mọ ibi tó wà, kúìnì àti jáàkì. Ó ṣe mí bíi kí n ti òkìtì pa, mo wá ní rárá, jẹ́ kí n fa díẹ̀ sí i ná, bóyá èyí tó dáa jù báyìí lọ á wọlé. Mo ju áàsì sípéèdì. Bàbá fi jáàkì háàtì gbé e lọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó kúlọ́ọ̀bù, 20, àtìgbà yẹn ni ọwọ́ mi ò ti ba géèmù náà mọ́.

Nígbà tó parí wọ́n to káàdì yẹn padà síwájú mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo jókòó tì í dáadáa kí n tó rí i. Ká ní mo ti òkìtì pa ni, dandan ni kí bàbá máa tẹ̀ lé àmì mi. Màá ju áàsì háàtì, màá ju kíǹgì háàtì, háàtì yòówù tó bá wà lọ́wọ́ wọn ti tán nìyẹn, torí méjì ló lè pọ̀ jù, kò sì sí èyí tó lè mú kíǹgì mi nínú méjèèjì. Ó kan áàsì sípéèdì, ó kan sípéèdì 10, kò sí ohun tó máa gbé ìkankan. Káàdì mẹ́rin yẹn jẹ́ 11 àti 4 àti 11 àti 10, 36 nìyẹn, tá a bá kó o mọ́ 22 tó wà nílẹ̀ ó di 58. Ó ku 8. Bàbá náà sì gbọ́dọ̀ ju káàdì mẹ́rin sí i, káàdì tó kéré jù nínú géèmù yìí sì ni jáàkì tó jẹ́ 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin 2 ni 8. Kódà kó jẹ́ jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lọ́wọ́ wọn, 66 géérégé. Kò sí bóyá kankan nínú ẹ̀. Mo ti jẹ póìǹtì 3 tán, mo wá ń fa káàdì kiri.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka káàdì lóòótọ́, kì í ṣe póìǹtì nìkan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kíkà yẹn torí ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pín káàdì tán, mo rí 5 tọwọ́ mi, mo rí 1 tó wà ní ṣíṣí, ó ku 14 tí n ò rí. Nínú 14 yẹn, 5 wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, 9 wà nínú òkìtì. Torí náà káàdì yòówù tí mo bá ń bẹ̀rù, bíi 36 nínú 100 ni ìdí tí mo fi lè rò pé ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn tíríìkì kan, 12 ni n ò rí, ó di 5 nínú 12, bíi 42 nínú 100. Lẹ́yìn méjì, 5 nínú 10, ìdajì dọ́gba. Lẹ́yìn mẹ́ta, 5 nínú 8, ó ti lé ní 62. Lẹ́yìn mẹ́rin, káàdì kan ṣoṣo ló kù tó dojú bolẹ̀, 5 nínú 6, 83. Lẹ́yìn ìkarùn-ún òkìtì ti tán, tó o bá ti ń kà á bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, o mọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì bíi pé ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ẹ. Géèmù yẹn ń kúrò nínú òkùnkùn bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìbéèrè tó wà níbẹ̀ sì ni pé ìgbà wo nínú òkùnkùn yẹn lo máa sọ pé ó tó.

(Tíríìkì karùn-ún yẹn, n ò lè má sọ ọ́: ẹni tó kó o ló máa fa káàdì tó dojú bolẹ̀, ẹni tó pàdánù ẹ̀ ló máa mú káàdì ọ̀gá tó wà ní ṣíṣí látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà ìgbà míì wà tó jẹ́ pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù tíríìkì yẹn ló dáa jù, pàápàá tó bá jẹ́ áàsì ló wà ní ṣíṣí. Mo ju jáàkì sílẹ̀ báyìí lọ́jọ́ kan, bàbá wá mi orí sí mi pé ó dáa, inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.)

Ohun tí n ò tètè mọ̀ ni pé àwọn nọ́ńbà yẹn, 36, 42, 50, òótọ́ ni wọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹnìkejì ń ju káàdì láìwò ó. Kò sì sẹ́ni tó ń ju káàdì láìwò ó. Ẹni tó ju kúìnì sílẹ̀ láìbìkítà, kíǹgì ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tọ́jú méjèèjì de ìgbéyàwó, torí náà kíǹgì yẹn ti kúrò ní 36 nínú 100, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Ẹni tó kàn láti jù tí kò ṣe ìgbéyàwó, kò ní in ni. Jáàkì ọ̀gá náà ńkọ́, ẹni tó bá ní in lè fi pààrọ̀ káàdì tó wà ní ṣíṣí nígbà tó bá kàn án láti jù, tó bá wá kàn án tí kò pààrọ̀, á jẹ́ pé kò ní in, àfi tó bá jẹ́ ẹni tó ń fi í pamọ́, mo sì ti bá irú wọn pàdé. Ohun téèyàn ò ṣe náà ń sọ̀rọ̀. Ọ̀ta mọ èyí, òpè ló ń ka nọ́ńbà tó dákẹ́ síbẹ̀.

Ó wá kan ọjọ́ 61 yẹn.

A ti ń ta á bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, èmi ku póìǹtì 1 péré kí n parí ẹ̀, bàbá ku 3. Bàbá ló pín in, háàtì tún ni ọ̀gá, jáàkì háàtì ló wà ní ṣíṣí. Mo ju áàsì sípéèdì, ìyẹn káàdì àkọ́kọ́ pátápátá, bàbá sì ju dáyámọ́ńdì 10 lé e. 10! Láìsí ẹni tó fipá mú wọn. Mo ní 21 lójú ẹsẹ̀, inú mi ti ń dùn kí n tó nawọ́ sí òkìtì, káàdì tí mo wá fà ni kúìnì háàtì, kíǹgì ẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ mi. Ìgbéyàwó ọ̀gá, 40. 21 àti 40, 61. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni kíǹgì àti kúìnì háàtì, sípéèdì 10, jáàkì sípéèdì, áàsì kúlọ́ọ̀bù. Tíríìkì kan sí i tó bá ti ní 5 nínú, mo ti parí gbogbo ẹ̀.

Mo ṣírò ẹ̀, mi ò sáré. Háàtì méjì tó ju tèmi lọ ni n ò rí, áàsì àti 10. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló wà lọ́wọ́ bàbá, wọ́n á fi gbé kíǹgì mi, kò sí wàhálà, kúìnì mi ṣì wà, dáyámọ́ńdì yòówù tí wọ́n bá jù màá fi kúìnì gbé e, kódà kó jẹ́ jáàkì, 3 àti 2 jẹ́ 5, 66. Àfi kí méjèèjì wà lọ́wọ́ wọn nìkan ni mo fi lè kó sí wàhálà. Nínú ọ̀nà 792 tí káàdì márùn-ún wọn lè gbà jáde nínú 12 tí n ò rí, 120 ni méjèèjì ti jọ wà, bíi 15 nínú 100. Mo ní 85. Tí mo bá ti òkìtì pa báyìí tí mo jẹ, póìǹtì 3 ni, torí bàbá ò tíì kó nǹkan kan. Mo tì í pa, mo ṣe ìgbéyàwó mi, mo ju kíǹgì háàtì.

Bàbá fi áàsì háàtì gbé e. Wọ́n wá ju háàtì 10. Mo wo kúìnì mi. Dandan ni kí n tẹ̀ lé àmì, ìdí ni pé èmi fúnra mi ni mo ti òkìtì pa. Kúìnì lọ. Lẹ́yìn náà áàsì dáyámọ́ńdì, lẹ́yìn náà ìgbéyàwó dáyámọ́ńdì, kíǹgì, mo kàn ń da káàdì sílẹ̀ fún wọn ni. Ibi tí mo wà ní 61 ni mo wà títí. Wọ́n gba 3 tí wọ́n nílò, Bummerl di tèmi.

Wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n to káàdì padà. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé dáyámọ́ńdì 10 yẹn síwájú mi, òun nìkan, wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí lo rò pé ó mú mi jù ú?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mo rò pé káàdì yín ò dáa ni." Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Tí káàdì mi ò bá dáa, jáàkì ni màá jù."

Mo gun òkè lọ, mi ò lè sùn, mo mú ìwé. Mo kọ 12 tí n ò rí sílẹ̀: áàsì háàtì, háàtì 10, kíǹgì àti kúìnì sípéèdì, áàsì, kíǹgì, kúìnì àti jáàkì dáyámọ́ńdì, kúlọ́ọ̀bù 10, kíǹgì, kúìnì àti jáàkì kúlọ́ọ̀bù. Ẹni tó ju 10 sílẹ̀ láìsí dandan, káàdì mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò lè yọ̀ǹda. Jáàkì ò lè sí níbẹ̀. Kíǹgì tó dá wà tàbí kúìnì tó dá wà ò lè sí níbẹ̀, á ti ju ìyẹn. Ó ku háàtì méjèèjì yẹn, áàsì dáyámọ́ńdì, kúlọ́ọ̀bù 10, àti ìgbéyàwó mẹ́ta tó ṣeé ṣe. Ọ̀nà mélòó ni mẹ́rin lè gbà jáde nínú ìwọ̀nyẹn? Káàdì mẹ́rin tó dá dúró yẹn lápapọ̀, ọ̀nà 1. Ìgbéyàwó kan pẹ̀lú méjì nínú mẹ́rin yẹn, ọ̀nà 18. Ìgbéyàwó méjì, ọ̀nà 3. Gbogbo ẹ̀ 22. Nínú 22 yẹn, háàtì méjèèjì ti wà níbẹ̀ nínú 4, nínú 12 míì ọ̀kan wà níbẹ̀, ìkejì sì lè jẹ́ káàdì tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, 1 nínú 8. Mo ro ó pọ̀, ó jáde sí 25 nínú 100 gan-an. 15 tí mo gbójú lé ti di 25 láti ìgbà tí dáyámọ́ńdì 10 yẹn ti kan tábìlì, èmi ló kàn jẹ́ pé póìǹtì 10 tó wà lára ẹ̀ ni mò ń wò.

Kódà 25 yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ẹni tó ní 75 nínú 100 láti gba póìǹtì 3 kò ya wèrè tó bá gbìyànjú ẹ̀, lọ́jọ́ míì èmi náà á tún ṣe é. Ohun tó dùn mí ni pé póìǹtì 1 ni mo nílò. 3 ò wúlò fún mi ju 1 lọ lọ́jọ́ yẹn, méjì tó kù ibo ni màá gbé e sí? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé o. Lọ́dún 1654, Blaise Pascal àti Pierre de Fermat ń kọ lẹ́tà síra wọn ní ilẹ̀ Faransé nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n pín owó tí àwọn méjì fi ń ta tẹ́tẹ́ tí nǹkan bá dá géèmù dúró láàárín méjì, ibi tí wọ́n sì já a sí ni pé ohun tó kù fún kálukú láti jẹ ni kí wọ́n wò, kì í ṣe èyí tó ti jẹ. Látinú lẹ́tà wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ ìṣirò tá à ń ṣe lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ku 1, bàbá ku 3, gbogbo ìmọ̀ràn tí mo nílò wà nínú nọ́ńbà méjì yẹn.

Torí ẹ wò ó ná, ká ní n ò ti òkìtì pa. Mo ṣe ìgbéyàwó mi, mo ju kúìnì háàtì, bàbá fi áàsì gbé e, ó dáa. Wọ́n ju háàtì 10, òkìtì ṣì wà ní ṣíṣí, kò sí dandan fún mi, mo da jáàkì sípéèdì lé e, kíǹgì mi ṣì wà lọ́wọ́. Háàtì tọwọ́ wọn ti tán. Ohunkóhun tí wọ́n bá tún jù, ìgbéyàwó o, áàsì o, kíǹgì háàtì mi á gbé e, 4 tirẹ̀ àti ó kéré tán 2 tiwọn, 67. Mo ti jẹ. Kódà ká ní bàbá ló wá ti òkìtì pa kí wọ́n tó ju 10 yẹn, póìǹtì 1 péré ni wọ́n lè gbà, torí mo ti kọjá 33, 3 ni wọ́n sì nílò. Ìlẹ̀kùn tí mo rò pé mo tì mọ́ bàbá, èmi gan-an ni mo tì mọ́lé.

Láti ìgbà yẹn, tí ẹnìkejì bá ju káàdì ńlá sílẹ̀ fún mi, mo máa ń dúró. Mo máa ń béèrè ohun tí kò fẹ́ jù kí n tó wo ohun tó jù.

Bàbá sì rí i pé mo ti ń dúró. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, mo ju áàsì, wọ́n ju kúlọ́ọ̀bù 10 lé e pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Káàdì tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn dáa, ó tó ẹni tó ń ti òkìtì pa, àmọ́ mo wo 10 yẹn, mo rántí 22 tí mo kọ sínú ìwé, mo ní rárá, nǹkan ńlá wà lọ́wọ́ wọn. Mo jẹ́ kí òkìtì wà ní ṣíṣí. Wọ́n fa káàdì tí wọ́n ń wá, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n dé 66 ṣáájú mi.

Nígbà tó parí wọ́n tò ó padà síwájú mi, mo ń wá ibi tí mo ti ṣì í, n ò rí i. Wọ́n wá fi ìka kan ti ọ̀kan jáde láàárín káàdì tọwọ́ wọn, èyí tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ju 10 yẹn. Jáàkì kúlọ́ọ̀bù ni.